Ẹ̀ṣọ́ Rédíétọ̀ Lára Alùpùpù Igbó

Ní Eisenerz, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Styria ní orílẹ̀-èdè Austria, òkè kan wà tí wọ́n ti ń wa irin nínú rẹ̀ láti ayébáyé. Erzberg ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní ìpele ìpele láti ìsàlẹ̀ dé orí, òkúta sì kún ara rẹ̀ bámúbámú. Láti 1995 ni àwọn eléré alùpùpù ti ń pàdé níbẹ̀. Nínú ìdíje tó le jù, 500 alùpùpù ló ń gbéra, wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n sì fún wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí òpin ọ̀nà náà. Kò sí ẹni tó ń gba orí àpáta wọ̀nyẹn kọjá tí kì í ṣubú. Ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, bó bá ti gbé alùpùpù rẹ̀ dìde, ẹ̀gbẹ́ táńkì ló máa ń yára wò, níbi tí rédíétọ̀ wà.

Àwọn ọ̀kadà tó kún ìgboro wa kò mọ ìyọnu yìí. Atẹ́gùn lásán ló ń tu ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn lára. Ní ti alùpùpù igbó, ó lè máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì máa ké tantan. Atẹ́gùn nìkan kò lè ká irú ooru bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n pò mọ́ kúláǹtì ló ń yí ẹ́ńjìnnì náà po, tó ń gba ooru rẹ̀, tó sì ń gbé e wá sínú rédíétọ̀ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, lẹ́yìn ike tó bo ẹ̀gbẹ́ táńkì.

Ẹni tó bá tú ike náà yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó jọ ni lójú. Àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ alumíníọ́mù ni omi ń gbà kọjá, ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì kún àárín wọn. Ìka ọwọ́ lásán lè tẹ ewé náà wọnú. Síbẹ̀, inú fífẹ́lẹ́ yìí ni agbára rẹ̀ wà, nítorí òun ló jẹ́ kí irin púpọ̀ fara kan atẹ́gùn ní àyè kékeré. Ìdérí rédíétọ̀ náà ń ṣe tirẹ̀. Ó sé omi mọ́ inú títí ìfúnpá rẹ̀ fi tó nǹkan bíi 1.1 bar, omi tí ì bá hó ní 100°C kò sì ní hó títí yóò fi kọjá 120°C. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ tó láti da gbogbo ètò yìí rú. Rédíétọ̀ tó ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ooru kò lè gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ òkúta: ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ibi tí wọ́n gbé e sí dá kún ewu náà. Yamaha YZ125 ti ọdún 1981 wà lára àwọn alùpùpù eré tó kọ́kọ́ gbé rédíétọ̀ wá sọ́jà. Iwájú gan-an ni tirẹ̀ wà, lókè fọ́ọ̀kì, lẹ́yìn pátákó nọ́ńbà. Atẹ́gùn ń kàn án dáadáa níbẹ̀, àmọ́ ó mú kí orí alùpùpù wúwo. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ férémù. Ọwọ́ awakọ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ bọ́ sí ibi tí àpáta ti lè bá a bí alùpùpù bá dùbúlẹ̀.

Òkúta tí táyà ẹni iwájú ta sẹ́yìn lè lù ú, igi tó yọrí lójú ọ̀nà sì lè gún un. Èyí tó burú jù ni ìṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Bí ike bá kan ilẹ̀, yóò ti rédíétọ̀ wọnú, igun rẹ̀ yóò sì wọ́ sẹ́yìn. Ó lè má jò lójú ẹsẹ̀, kí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ sì ti sán. Ẹrẹ̀ ní tirẹ̀ kì í fọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń dí ojú ewé irin títí omi yóò fi hó dà nù.

Nítorí irú ìpalára wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ń so ẹ̀ṣọ́ mọ́ rédíétọ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni irin alumíníọ́mù tó nípọn, tó gba ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rédíétọ̀ kọjá, tí bóòtù sì dè mọ́ férémù. Enduro Engineering ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń ṣe é. Èkejì ni ti iwájú, awo alumíníọ́mù tàbí ike líle tó ní àlàfo, tí ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kí òkúta lè ta kúrò, kí atẹ́gùn sì rí ọ̀nà wọlé.

Ohun tó wù mí lára iṣẹ́ yìí ni òye tó wà nínú rẹ̀. Agbára ìṣubú kì í pòórá. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ gbà á. Bí òpó ṣe ń gba ẹrù òrùlé lọ sí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń gba agbára náà lára irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sí ara férémù tó lè gbé e. Síbẹ̀, ó yẹ kó lè tẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá le koko jù lè fa ojú ibi tí bóòtù ti wọlé ya. Bí ó bá sì dí jù, ooru ni yóò ba ohun tí òkúta kò bà jẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń wọn líle, fífúyẹ́ àti ọ̀nà atẹ́gùn pa pọ̀ ni, kò jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì lára.

Ẹ̀ṣọ́ kò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni alùpùpù. Kí ó máa ṣan ẹrẹ̀ kúrò pẹ̀lú omi jẹ́jẹ́, nítorí omi ẹ̀rọ tó ń tú pẹ̀lú ipá ń tẹ ewé irin. Kí ó máa yẹ bóòtù wò, kí ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tún ewé tó bá wọ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gun irú alùpùpù yìí wọ igbó, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ so ẹ̀ṣọ́ mọ́ rédíétọ̀ yín kí ẹ tó náwó sí ọ̀ṣọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti rédíétọ̀ tuntun, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ́ńjìnnì tó jóná.