Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, pátákó àwọn tí ń kọ́ni fún ìdánwò IELTS kò ṣọ̀wọ́n. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìrìnàjò. Ọjà tí wọ́n ń tà fún arìnrìnàjò ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọmọ aládùúgbò mi kan ní Ìgándò, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé àròkọ ìdánrawò rẹ̀ wá fún mi. Ìbéèrè náà ni bóyá ó yẹ kí a máa kó àwọn arúgbó lọ sí ilé ìtọ́jú. Gbólóhùn mẹ́rin àkọ́kọ́ ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò sí arúgbó kankan nínú wọn. A lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ àròkọ lórí ẹja. Ó ní, "Dádì, wọ́n ní kí a há a sórí ni."

Mo ní kí ó fi Yorùbá dáhùn. Kíá ni ó sọ bí ojú ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń ṣókùnkùn, ẹni tí ń fún un lóògùn, àti ọjọ́ tí ilé ìtọ́jú ìbá ṣàánú rẹ̀ ju ọmọ lọ. Nígbà tí ó kọ èyí ní Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe gírámà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ìdánwò náà ń wá nìyẹn. Ìgbọ́, ìkà, ìkọ àti ìsọ ni apá rẹ̀ mẹ́rin, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ń lọ dé 9. Nínú àròkọ ọlọ́rọ̀ 250, a ń wo bí a ṣe dáhùn ìbéèrè àti bí èrò ṣe so kọ́ra, kì í ṣe gírámà nìkan. Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìṣẹ́jú 11 sí 14, àṣírí àkọ́sórí kì í pẹ́ tú. Ẹjọ́ kan ni mo ní: lẹ́yìn ọdún 2, a kì í sábà gba èsì náà mọ́, àfi bí ẹni pé tòmátì ni Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ́ni láti kékeré.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Òbí tí ó ń fòfin de Yorùbá nílé nítorí ìdánwò ọ̀la, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò rí sọ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè èrò ọkàn rẹ̀?