Ọ̀kẹ́ Kan: Ìlọ́po àti Ìpín Nínú Òǹkà Yorùbá

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Nígbà tí wọ́n ń ná owó ẹyọ ní Abẹ́òkúta, àpò tí ó gba 20,000 ẹyọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹrù alágbàrù sì ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá kì í dé ọ̀kẹ́ rárá. Orí ẹ̀ẹ́dógún àti àádọ́ta ni wọ́n ń dúró sí, wọn a ní àyọkúrò ni gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àlàyé yìí fi ìdí sílẹ̀, ó di ẹ̀ka mú. Ìlọ́po àti ìpín ni ìdí òǹkà náà.

Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 5 × 5 × 5 × 5 ni yóò kù nílẹ̀, kò sí òmíràn. Nítorí náà, iye àwọn nọ́ńbà tí ó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù jẹ́ 30. Àwọn àbúrò rẹ̀ náà tọ ipa kan náà: nọ́ńbà 6 ni ó lè pín ogún, nọ́ńbà 12 ni ó lè pín igba, nọ́ńbà 20 ni ó lè pín ẹgbàá. Ẹ wò ó: 2 × 3, 3 × 4, 4 × 5, 5 × 6.

Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tí ó gbé ní Ìjàyè kí ogun tó fọ́ ìlú náà ní 1862, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ fi sá wá sí Abẹ́òkúta, fojú rí bí ọwọ́ ṣe ń ka owó ẹyọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1887, ó ní ẹni tí ń ka owó a da àpò sílẹ̀, a kúnlẹ̀ tì í, a máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ìgbà ogún. Ìyẹn jẹ́ 100. Yóò ṣe òmíràn, yóò gbá méjèèjì pọ̀, ó di igba. Ó yẹ kí àwọn tí ó tún èyí kọ lẹ́yìn Mann rí i pé 5 àti 2 inú ọ̀kẹ́ gan-an ni ọwọ́ ń gbá jọ.

Ibi tí ọ̀kẹ́ kò ti gbà ni 3. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 jẹ́ 120 owó ẹyọ, èyí tí í ṣe okùn mẹ́ta, nítorí ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Ọ̀kẹ́ kan yóò ra ẹ̀dà 166, okùn méjì yóò sì ṣẹ́ kù. Bí ẹni náà bá mú ẹgbàá kan ṣoṣo wá, ẹ̀dà 16 ni, okùn méjì náà ni yóò tún ṣẹ́ kù. Àfi bí ó bá mú ẹgbàáta wá, kí ó tó ra 50 géérégé.

Àyọkúrò pàápàá, orí ìpín ni ó dúró lé. Nínú àádọ́ta, a yọ 10 kúrò nínú 60. 10 jẹ́ ìdajì ogún. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, a yọ 100 kúrò nínú 600. 100 jẹ́ ìdajì igba. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, a yọ 1,000 kúrò nínú 6,000. 1,000 jẹ́ ìdajì ẹgbàá. Bí ogún, igba àti ẹgbàá kò bá ṣe é dá sí méjì, kò sí ìdajì tí à bá yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́, tí í ṣe 1,000,000, kó gbogbo rẹ̀ sínú orúkọ kan: ogún lọ́nà mẹ́ta, ìdajì ogún kúrò, kí a wá fi ọ̀kẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀, iye àwọn nọ́ńbà tí ó lè pín in sì jẹ́ 49. 49 yìí kò ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù, nítorí méjì méjì ni àwọn nọ́ńbà náà ń so pọ̀ di 1,000,000, ṣùgbọ́n 1,000 kò ní ẹnì kejì lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìwé òǹkà tí ó bá fi ẹ̀ẹ́dógún bẹ̀rẹ̀, tí ó sì parí síbẹ̀, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní òǹkà Yorùbá.