Ẹ̀dà Tó Dé Ọwọ́ Ẹni Tó Máa Lò Ó

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, dúró níwájú àwọn oníròyìn l'Ábújá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àṣìṣe ti wọ inú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì lọ́dún náà. Èsì akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 kò ṣeé gbára lé mọ́. Àwọn 206,610 nínú wọn ṣe ìdánwò ní ibùdó 65 lábẹ́ ẹkùn Èkó. Àwọn 173,387 yòókù ṣe é ní ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn. Wọ́n ní kí gbogbo wọn wá tún un ṣe láti ọjọ́ 16 oṣù yẹn.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgándò dé Ìpájà àti Bàrúwà, àdúgbò wo ni kò ní ọmọ tó ń retí èsì JAMB? Àwọn òbí bínú, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí ariwo ti lọ sílẹ̀, ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo iṣẹ́ kan tí kì í sábàá gba oríyìn: iṣẹ́ àwọn tó ń wá àṣìṣe inú sọ́fítíwíà kí ó tó dé ọwọ́ aráyé. Iṣẹ́ náà pín sí méjì. Gbogbo ènìyàn mọ apá kìíní, ìyẹn kí á yẹ kóòdù wò títí yóò fi ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Apá kejì ni kí á rí i dájú pé ohun tí a yẹ̀ wò gan-an ló dé ibi tí wọn yóò ti lò ó. Apá kejì yìí la máa ń fojú rénà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọdún 2025 sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún yẹn, JAMB jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa da àwọn ìbéèrè àti àwọn ìdáhùn tó wà lábẹ́ wọn rú, tó fi jẹ́ pé ọmọ méjì tó jókòó tira wọn kò ní rí wọn bákan náà. Wọ́n sì tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ èsì wò padà. Ká ní ìdáhùn ìbéèrè kan ni Lọ́kọ́ja. Lójú kọ̀ǹpútà ọmọ kan, Lọ́kọ́ja wà ní C. Lójú ti ẹnì kejì rẹ̀, ó wà ní A. Bí ẹ̀rọ tó ń máàkì bá mọ̀ pé wọ́n ti da ìdáhùn rú, yóò wo ohun tó wà ní C fún ọmọ àkọ́kọ́, yóò sì fún un ní máàkì rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, tó jẹ́ pé A nìkan ló mọ̀ sí ìdáhùn tó tọ́, ọmọ tó mọ ìwé rẹ̀ dáadáa ti fìdí rẹmi nìyẹn, kò sì sí bó ṣe lè mọ ìdí.

Àtúnṣe tó yẹ kó jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n ti fi sórí àwọn sẹ́fà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà àgbà, tó ń bójú tó ẹkùn Kàdúná. Àwọn sẹ́fà tó ń bójú tó Èkó àti gúúsù ìlà-oòrùn ni wọn kò fi í sí.

Gbólóhùn yẹn ló gba àfiyèsí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Kóòdù tó dára wà, ẹni tó kọ ọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò tó wà lórí sẹ́fà Èkó jẹ́ ètò mìíràn tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àyẹ̀wò èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe lórí ẹ̀dà tuntun, bó ti wù kó jinlẹ̀ tó, kò lè sọ ohunkóhun nípa ẹ̀dà àtijọ́ tó jókòó sílùú mìíràn.

Ohun kejì tó gba àròjinlẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ka èsì náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Nínú èsì 1,955,069 tí JAMB kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tí kò tó máàkì 200 nínú 400. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ pé ó fi hàn pé ìjọba ti ń dí ojú ọ̀nà màgòmágó nínú ìdánwò. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Àwọn tí kò gbà á ni àwọn olùkọ́ àti òbí tó mọ ọmọ wọn, àti Alex Onyia, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Educare, tó kó ẹ̀hónú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Àwọn yìí ló ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò gidi, nítorí pé wọ́n ti mọ irú máàkì tó yẹ kí ọmọ náà gbà kí èsì tó jáde.

Ní ọdún 1979, Glenford Myers, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé The Art of Software Testing jáde, ó sì ti tẹnu mọ́ kókó yìí níbẹ̀: ẹni tí kò kọ èsì tó ń retí sílẹ̀ kí ó tó dán ètò wò yóò gba èsìkésìí tó bá jọ òótọ́. Myers ní ká máa lo ètò pẹ̀lú èrò àtirí àbùkù rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé iṣẹ́ òun dára yóò rí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ dandan. Ó fi ètò kékeré kan dán àwọn òǹkàwé rẹ̀ wò: ètò náà gba nọ́ńbà mẹ́ta, ó sì ń sọ irú onígun mẹ́ta tí wọ́n lè di. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi ìbéèrè 14 máàkì ara wọn. Àwọn tó ti fi kóòdù kíkọ ṣe iṣẹ́ ṣe gba ìpíndọ́gba 7.8. Myers tún ní kí ẹni tó kọ ètò má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn àgbà Yorùbá kò ní jiyàn lórí èyí: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí àjọ ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kún ojú pópó Candos ní Bàrúwà àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ kóòdù kọ sì ń ṣe ètò káàdì èsì àti rìsíìtì owó ilé ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Wọn a gbé e wá lórí fúláàṣì, wọn a fi í sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, wọn a gba owó wọn. Ó yẹ ká yìn wọ́n, nítorí pé wọ́n ń dá àwọn akọ̀wé nídè lọ́wọ́ ìṣirò tó ń gba òru. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tiwọn ni wọ́n ti yẹ ètò náà wò, kọ̀ǹpútà akápò sì yàtọ̀.

Kọ̀ǹpútà akápò, tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà. Bátìrì pẹlẹbẹ tó ń bá a rántí ọjọ́ àti àkókò ti kú. Bí iná bá lọ, tí wọ́n sì tan ẹ̀rọ náà padà pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, yóò gbà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn la wà. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì tó lè tún ọjọ́ náà ṣe, rìsíìtì tí akápò bá tẹ̀ láàárọ̀ yẹn yóò gbé ọjọ́ tí wọn kò tíì bí ọmọ tí wọ́n san owó fún. Nígbà tí ètò náà bá wá to owó táàmù jọ, owó yẹn kò ní sí níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ kò bọ́ sínú táàmù. Owó wà nínú àpótí, ìwé ní kò sí. Tàbí òbí mú rìsíìtì wá, kọ̀ǹpútà ní kò san. Orúkọ akápò ni yóò bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí bátìrì. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba kóòdù tó ju ìlà bíi mélòó kan lọ: kí ètò náà wo ọjọ́ rìsíìtì tó tẹ̀ kẹ́yìn, bí ọjọ́ òní bá ṣáájú rẹ̀, kó dúró, kó sì béèrè. Ẹni tí yóò ronú kan àtúnṣe yìí gbọ́dọ̀ ti jókòó sí ọ́fíìsì akápò lọ́jọ́ tí iná lọ.

Iná tó ń lọ lójijì tún ní ewu mìíràn, ìyẹn kó lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan pamọ́ lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe SQLite, ètò ìkóǹkanpamọ́ tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, mú ọ̀rọ̀ yìí lókùnkúndùn. Wọ́n kọ àwọn àyẹ̀wò tó ń ṣe bí ẹni pé iná lọ láàárín iṣẹ́, léraléra, ní oríṣiríṣi ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n sì ń wò ó bóyá ìwé tó wà nínú rẹ̀ ṣì pé. Kóòdù tí wọ́n fi ń yẹ ètò náà wò fi nǹkan bí ìlọ́po 590 ju kóòdù ètò náà gan-an lọ. Ètò yìí wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lápò àwọn ènìyàn ní Bàrúwà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀dọ́ tó bá kọ ètò rìsíìtì lé e lórí ti rí àyẹ̀wò tó ju agbára rẹ̀ lọ gbà láìná kọ́bọ̀.

Orúkọ àwọn ọmọ náà ń kọ́? Lẹ́tà ọ ní ibùgbé tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, lẹ́tà ó náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ́ kò ní, àkànpọ̀ ni. Akọ̀wé kan lè tẹ ọ kó tó fi àmì ohùn lé e, kíbọ́ọ̀dù ẹlòmíràn lè gbé ó kalẹ̀ kó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá sọ wọ́n di irú kan kó tó fi wọ́n pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà á wá ní káàdì méjì, ìdajì máàkì rẹ̀ lórí èyí, ìdajì lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fi John àti Mary nìkan yẹ ètò rẹ̀ wò kò lè rí àṣìṣe yìí láéláé. Ó yẹ kí ó ba gbogbo wa nínú jẹ́ pé àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá gan-an ṣì ń kùnà lórí orúkọ Yorùbá.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó gan-an kò sì bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe ẹ̀dà. Irú èyí tó bá JAMB ló bá Knight Capital ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà, tó ń ra ìpín ìdókòwò tó sì ń tà á, ní sẹ́fà 8 tó yẹ kó gba kóòdù tuntun. Sẹ́fà 7 ló gbà á. Wọ́n gbàgbé ìkẹjọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó tún iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí ọjà ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2012, kóòdù kan tí wọ́n ti pa tì fún ọdún púpọ̀ jí dìde lórí ìkẹjọ yẹn, ó ń rà, ó ń tà, láìdúró. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó ti kó ilé-iṣẹ́ náà sínú àdánù tó lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò níbẹ̀ wá rí i pé kí ọjà tó ṣí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ pé nǹkan kan kò lọ déédéé. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Ti CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé. Fáìlì náà ń retí nǹkan 21, ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà sì ń pèsè 20. Àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò tiwọn fúnra rẹ̀, nítorí náà ó fọwọ́ sí i. Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Wọ́n fa fáìlì náà padà láàárín ìṣẹ́jú 78, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ti dákú kò lè gba àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ènìyàn gidi ló lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà. Ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ìwọ̀nba, kí wọ́n sì dúró wò ó, ìyà náà ì bá mọ níwọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì fún oníbàárà láyè láti yan ìgbà tí yóò gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ JAMB kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ibùdó tí wọ́n bá fi í sí ló ń lọ, sẹ́fà tó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò máàkì rẹ̀. Nítorí náà, ọrùn àjọ náà ni gbogbo ẹrù àyẹ̀wò wà. Olóyèdé ṣe ohun tó dára bó ṣe jẹ́wọ́ ní gbangba tó sì ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ì bá gba gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ẹkún yẹn kò le. Kí wọ́n forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò sí láyé sílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà da ìbéèrè rẹ̀ rú bíi ti àwọn yòókù, kí wọ́n sì bá a mú gbogbo ìdáhùn tó tọ́. Máàkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 400 géérégé. Ibùdó tí kò bá ti pé 400, kó má bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ìbáà ṣe pé gbogbo ọmọ ti jókòó tán. Kí wọ́n sì fún ẹni tó ṣe àyẹ̀wò náà, bó ti wù kí ipò rẹ̀ kéré tó, láṣẹ láti ti ilẹ̀kùn ibùdó yẹn láì kọ́kọ́ gba àyè lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni l'Ábújá.