Títún Fáànù Tó Kọ̀ Tí Kò Yí Ṣe Nílé

Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yẹ fáànù onídùúró tó ń kùn tí kò yí wò, kì í ṣe irin iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ tún un ṣe á yọ ọ́ kúrò nínú iná, á sì fi ìka kan ti bíléèdì rẹ̀. Bó bá yí fìrìfìrì, tó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, kò sí ohun tó ṣe ọ̀pá àárín rẹ̀; kàpásítọ̀ ló yẹ kó fura sí. Bó bá dúró gbagidi ní kété tí ìka kúrò lára rẹ̀, búṣì ló gbẹ. Àìsàn méjèèjì yìí ló sọ ọ̀pọ̀ fáànù di ẹrù ẹ̀yìnkùlé láìtọ́jọ́. (Bí iná NEPA bá rẹlẹ̀, fáànù tó dá ṣáṣá náà á máa wọ́, nítorí náà kó kọ́kọ́ wo gílóòbù.)

Búṣì jẹ́ òrùka kékeré tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú idẹ tẹ̀. Ihò wínníwínní inú rẹ̀ ló ń fa epo mu. Ọ̀kan wà níwájú mọ́tò, ọ̀kan wà lẹ́yìn. Irun orí àti fọ́nrán òwú máa ń wé mọ́ ọ̀pá náà lẹ́yìn bíléèdì gan-an, eruku á dì mọ́ ọn, epo á sì gbẹ. Kí ọwọ́ tó débẹ̀, ìdérí tó di bíléèdì mú gbọ́dọ̀ tú. Ọ̀tún, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ni wọ́n ń yí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kó tó tú, kí yíyí fáànù fúnra rẹ̀ má baà máa tú u. Ẹni tó bá fi agídí yí i sósì á fọ́ ọ. Kẹrosíìnì díẹ̀ lára àkísà ni wọ́n fi ń nu ọ̀pá náà títí á fi dán, kí wọ́n tó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Òróró ìdáná kọ́ o: láìpẹ́ á lẹ̀ bí oje igi.

Bó bá di pé wọ́n tú mọ́tò fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ lè dé búṣì, ìgbà tí wọ́n bá ń tò ó padà ni iṣẹ́ náà máa ń dùn jù. Bí wọ́n bá ti fún àwọn ṣíkúrúù rẹ̀ tán, ọ̀pá lè tún le, nítorí búṣì ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ohun tuntun láti rà. Wọ́n á fi èèkù sikurudíráífà gbá ara mọ́tò náà kọ́ọ́kọ́ yíká, wọ́n á máa fi ọwọ́ kejì yí ọ̀pá wò; lójijì á dẹ̀, á sì máa yí fúyẹ́fúyẹ́. Ìka ló ń mọ ìgbà tó tó. Àmọ́ bí ọ̀pá bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, búṣì ti jẹ nìyẹn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ti kàpásítọ̀ kò pẹ́. Àpótí dúdú kékeré oníwáyà méjì ni, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, bíi 1.5µF àti 400V. Iná lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, nítorí náà irin tó ní èèkù rọ́bà ni wọ́n á fi kan ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. µF tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, torí èyí tó bá tóbi jù á máa mú kọ́ìlì gbóná. Volt rẹ̀ lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò kàn gbọdọ̀ kéré. Wáyà méjèèjì kò lórí, kò nídìí: bó ṣe wù wọ́n ni wọ́n lè so ó, kí wọ́n sì fi tépù wé ojú rẹ̀. Kọ́ìlì tó bá ń rùn bí ohun tó jóná ti kúrò ní iṣẹ́ ilé. Àwọn tó ń wé kọ́ìlì ló ni ìyẹn.