Ibi Tí Agbára Ọmọ Odó Ń Lọ

Ẹni tó bá ti Èkìtì tàbí Kàbà ń bọ̀ ní Abuja yóò gba Lọ́kọ́ja, Abaji àti Kwali kó tó wọ Gwagwalada, ebi á sì ti dé sí i lára. Nínú àwọn ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá títì níbẹ̀, ọ̀kan wà tí mi ò lè kọjá láìyà. Kì í ṣe iyán nìkan ni mo ń bá lọ. Mo fẹ́ràn láti wo bí ìyá oníyán ibẹ̀ ṣe ń gún un.

Odó wọn tóbi, ó sì wúwo. Màmá á dúró lápá kan, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ á dúró lódìkejì. Bí ọmọ odó ti ọ̀kan bá ń gòkè, ti èkejì á máa já bọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wọn lè rò pé ipá ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ màmá dáadáa. Bí ọmọ odó bá ti dé òkè, ìka wọn á dẹ̀. Wọ́n á kàn máa tọ́ ọ sọ́nà, ìwúwo rẹ̀ á sì ṣe iṣẹ́ tó kù. Ọmọbìnrin yẹn ń di tirẹ̀ mú gírígírí títí tó fi kan iṣu, gbogbo ìmìtìtì rẹ̀ sì ń padà sí i léjìká.

"Jẹ́ kó já bọ́ fúnra rẹ̀," ni màmá wí. "Iṣu là ń gún, kì í ṣe èjìká ẹ."

"Mo ti gbọ́, mà."

Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó ń ka físíìsì ló mọ òfin kan sórí: a kò lè dá agbára, a kò sì lè pa á run, ó kàn ń ti ìrísí kan bọ́ sí òmíràn ni. Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ odó màmá ṣírò rẹ̀. Ká ní ó wúwo tó kílò 3, tí wọ́n sì gbé e sókè ní ìdajì mítà. Agbára tí apá wọn ti fi pamọ́ sínú rẹ̀ níbẹ̀ tó joule 15. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, gíga rẹ̀ ń dínkù, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nígbà tó bá fi máa kan iṣu, joule 15 náà ti di eré, bíi mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Kò sí gíga mọ́, kò sí eré mọ́. Níbo ni joule 15 wà?

Ibí yìí ni òfin náà ti ń le. Ní 1722, Willem 's Gravesande, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Leiden ní ilẹ̀ Netherlands, jẹ́ kí àwọn bọ́ọ̀lù idẹ já bọ́ sínú amọ̀ rírọ̀. Ó rí i pé bí eré bọ́ọ̀lù bá di ìlọ́po méjì, kòtò tó dá sínú amọ̀ á jìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Émilie du Châtelet, obìnrin onímọ̀ ará Faransé, lo iṣẹ́ yìí nínú ìwé físíìsì tó tẹ̀ jáde ní 1740. Agbára tó kúrò lára bọ́ọ̀lù ti wọ inú amọ̀, kòtò náà sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Nínú odó màmá, iṣu ló gba ipò amọ̀. Agbára ọmọ odó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì iṣu, kí sítáàṣì tó ti wú nínú omi gbígbóná lè jáde, kó sì so pọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí iyán máa fà. Apá kan di ariwo tí a ń gbọ́ títí dé ojú títì. Apá kan ń mi odó fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyí tí odó fi gbọ́dọ̀ wúwo ju ọmọ odó lọ dáadáa: bó bá ṣe wúwo tó ni agbára tó ń gbà lọ́wọ́ iṣu ṣe ń kéré tó. Ọmọ odó tó lu etí odó ti fún igi ní joule rẹ̀, iṣu kò rí nǹkan kan gbà. Mi ò tíì rí i kí màmá lu etí odó. Bí kókó bá wà, ọwọ́ wọn ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n á yí iṣu náà padà, wọ́n á sì gbé kókó yẹn sí ojú ibi tí ọmọ odó yóò bọ́ sí.

Òfin físíìsì ní agbára kì í sọnù. Kò sọ pé ibi tó yẹ ni yóò lọ. Ìyẹn kù sọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́.

Níkẹyìn, púpọ̀ nínú agbára náà á di ooru. Ká ní àwọn méjèèjì gún iṣu kílò 3 fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ọmọ odó ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú kan: joule 18,000 nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ di ooru, iṣu náà kò ní gbóná sí i tó díẹ̀gírì 2. Iyán tó ń gbóná lẹ́nu wa, iná ló fún un ní ooru rẹ̀. Ooru tí irú iṣẹ́ báyìí ń dá sílẹ̀ kéré ju ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ lọ. James Joule ní Manchester, ọmọ ìdílé tó ń pọn bíà, ló fi sùúrù wọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ kí òṣùwọ̀n wúwo máa wálẹ̀, kí ó máa yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, ó sì ń ka bí omi náà ṣe ń gbóná ní ìdá kékeré kékeré. Èsì tó tẹ̀ jáde ní 1850 ló sọ iye iṣẹ́ tó jẹ́ iye ooru kan. Mo ní ọ̀wọ̀ fún irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù wà lápá kejì ìṣirò náà. Iṣan ara wa kì í sọ ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára oúnjẹ di iṣẹ́. Èyí tó kù ń di ooru, òun ló sì ń fa òógùn tó ń sàn níwájú orí màmá. Síbẹ̀, agbára oúnjẹ tí gbígbé ọmọ odó nìkan ná màmá láàárín ìṣẹ́jú 10 náà kò tó òkèlè kan. Títẹ̀ àti nínà ẹ̀yìn, gbígbé apá àti ìlù ọkàn tún ń jẹ tiwọn lọ́tọ̀. Oòrùn tó ràn sórí ewé iṣu lọ́dún tó kọjá ni wọ́n jẹ lánàá. Iyán àná ló ń gún iyán òní.

Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ ìgúnyán. Iná mànàmáná ló ń lò, apá kan nínú iná tí a ń lò ní orílẹ̀-èdè yìí sì ń wá láti Kainji àti Shiroro, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti òkè, gẹ́gẹ́ bí ọmọ odó. Ẹ̀rọ náà yára, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ inú rẹ̀ ń ná agbára bákan náà lórí ibi tó ti kúná àti ibi tí kókó ṣì wà, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Màmá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí iyán bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó máa ń di ọmọ odó mú, apá tó ń gbé e sókè á wá máa fi agbára ya á kúrò lára iyán, láìsí èrè kankan. Wọ́n á wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, wọ́n á dín gíga ọmọ odó kù sí nǹkan bí ìbú ọwọ́ méjì, wọ́n á gún un ní kúkúrú kúkúrú yí odó ká, wọ́n á sì ní kí ọmọbìnrin náà gbé abọ́ wá.