Fèrèsé Plaza

Ẹni tó bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì Plaza ní New York, kó má tìtorí wúrà ara ògiri náwó. Fèrèsé ni kó sanwó fún, èyí tó kọjú sí Central Park. Henry Janeway Hardenbergh tó ya àwòrán ilé náà mọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ya ti ilé Dakota, tó wà létí ọgbà kan náà, kí Plaza tó ṣílẹ̀kùn ní 1907. Ọgbà wà níwájú Plaza ní àríwá, gbàgede wà ní ìlà-oòrùn; ta ni yóò wá kọ́lé dí i lójú? Bí ilẹ̀ bá mọ́, orí igi ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àwọn ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti sọ apá kan ilé náà di ilé àdáni àwọn olówó, èyí kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká yàrá lè mu tíì ní Palm Court inú hòtẹ́ẹ̀lì náà, lábẹ́ àjà gíláàsì aláràbarà. Ṣùgbọ́n kò ní rí ọgbà níbẹ̀, owó tíì náà kò sì kéré.