Wáyà Tó Fẹ́ràn Iná

Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé kọ́ìlì rí mọ̀ pé ooru ni ọ̀tá wa. Gbogbo ohun tí àwa ríwáíńdà ń ṣe ní Amùkòkò, láti orí páálí tí a ń tẹ́ sínú ihò irin kí wáyà tó wọlé, títí dé fáníṣì tí a ń dà sí i nígbà tí a bá dì í tán, nítorí ooru ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour”, fáànù òkè àjà, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga tí àgbàrá òjò ti wọ̀ lára: ohun kan náà ló ń gbé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ooru ti jẹ awọ ara wáyà, wáyà ti kan wáyà, ó ti ṣọ́ọ̀tì, òórùn jíjó rẹ̀ sì ti gba ilé onílé kan. Wọ́n kọ́ wa pé bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá péré lé sí ibi tí awọ wáyà lè gbà, ẹ̀mí kọ́ìlì náà ti dín sí ìdajì. Ohun tí mo fi jẹun láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kí n máa lé ooru kúrò lára bàbà.

Ìdí nìyí tí nǹkan kékeré kan, tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ṣe gba ọkàn mi. Kọ́ìlì ni òun náà ń lò, ọwọ́ ni a fi ń wé e, ṣùgbọ́n bí kò bá gbóná, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kó ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù Àpápá ló gbé e wá. Ó kí mi tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń wé kọ́ìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Wọ́n ní mo lè máa wé e fúnra mi, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbà á.” Orí vape ni, èyí tí wọ́n ń pè ní atomizer, ibi tí omi olóòórùn dídùn ti ń di ìkùukùu. Kò rí bí èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó, tí wọ́n á fà títí bátìrì á fi kú, tí wọ́n á sì jù ú sí gọ́tà. Èyí ṣeé tú. Èèyàn á ṣí ìdérí rẹ̀, á bá àwo irin róbótó nísàlẹ̀, òpó tó ní sukúrù á sì dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló máa wé wáyà rẹ̀, tó máa ki òwú bọ inú wáyà náà, tó sì máa máa kán omi sí òwú yẹn díẹ̀díẹ̀ látòkè, torí kò ní táńkì. Bí òwú bá dúdú, ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ fi òmíràn sí i. Mo fẹ́ràn ohun tó ṣeé tú. Orí pé ohun tó bàjẹ́ kì í ṣe ohun àjùnù ni iṣẹ́ tiwa dúró lé.

Àwọn tó mọ ìtàn vape a máa dárúkọ Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà tó gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Àwọn mìíràn a padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ Herbert Gilbert, ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ìwé ẹ̀tọ́ lórí sìgá tí kò ní tábà ní ọdún 1963, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a ṣe é dọjà. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí èmi ń kí ni Hans von Kantzow ti ilẹ̀ Sweden, torí òun ló ṣe wáyà náà ní àwọn ọdún 1920. Kanthal ni wọ́n ń pè é: irin, kròmíọ́mù àti alumíníọ́mù tí wọ́n yọ́ pọ̀. Wáyà tó máa ń pọ́n yòò nínú sítóófù oníná jẹ́ ẹbí rẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé kì í ṣe ará ilé wa. Bàbà máa ń gbọ́ràn: ẹ tẹ̀ ẹ́, á dúró síbi tí ẹ fi í sí. Kanthal ní agídí, ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, á tún fẹ́ nà padà díẹ̀. Bí mo ṣe gbé mítà lé e, ọ̀rọ̀ náà yé mi dáadáa. Wáyà bàbà tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì nípọn tó 0.40 mm, kì í ní ju nǹkan bí 0.13 ohm lọ. Kanthal A1 tó nípọn bákan náà, èyí tí wọ́n ń pè ní gauge 26, ní ohm mọ́kànlá ó lé díẹ̀. Ìyẹn lé ní ọgọ́rin ìlọ́po. Bí ẹnì kan bá fi bàbà wé kọ́ìlì vape, bátìrì kò ní rí kọ́ìlì kankan níwájú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì ló máa rí, ohun tó sì máa ṣe kò ní dára.

Yípo mẹ́fà péré ni mo wé sára irin sukudiráífà tí ó fẹ̀ tó 3 mm. Mẹ́fà! Nínú ọ̀pọ̀ fáànù òkè àjà, kọ́ìlì méjìdínlọ́gbọ̀n ni a ń wé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún yípo. Bí ọ̀kan bá wọ́ láàrin ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, fáànù á ṣì máa yí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Láàrin mẹ́fà, kò síbi tí a lè fi èyí tó wọ́ pa mọ́ sí. Mo wé méjì, mo rí i pé wọ́n dọ́gba, mo ki ẹsẹ̀ wọn bọ ihò òpó, mo di sukúrù, mo gé ìyókù kúrò kí ó má baà kan ìdérí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ sí 0.86 ohm. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni iná ti ń gba inú wọn, kì í ṣe pé ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, mítà kà á sí 0.43. Ẹni tó bá mọ òfin Ohm yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé bátìrì tó kún fọ́fọ́, tó wà ní fóòtì 4.2, á ti amp tó sún mọ́ mẹ́wàá gba ibẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn jù. Mo tẹ iná sí i díẹ̀, mo fi í sílẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bá ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà yípo kan láàrin mọ́lẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Mo fi ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun fún gbogbo wọn pọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, torí ẹ̀mú onírin á gbé iná. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, pípọ́n náà bẹ̀rẹ̀ láti àárín gan-an, ó sì ń tàn lọ sí ẹ̀bá méjèèjì bákan náà, láìsí èyí tó ń yọ gọngọ.

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ni pé àwọn yípo yìí fara kan ara wọn, kò sí ọ̀dà kankan lára wọn, kí ló dé tí wọn kò ṣọ́ọ̀tì? Bàbà tiwa kò lè ṣe irú ẹ̀, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà bò ó. Ìdáhùn wà nínú alumíníọ́mù. Bí Kanthal bá ti pọ́n nínú afẹ́fẹ́, alumíníọ́mù inú rẹ̀ á bá ọ́síjìn dàpọ̀ lójú ara, á di awọ tín-ín-rín tí iná kò lè là kọjá. Iná tó ń jó awọ ara wáyà tiwa dànù, òun gan-an ló ń hu awọ fún tirẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀, ó sì ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe ríwáíńdà, mi ò rò ó rí pé wáyà kan wà láyé tí ooru jẹ́ ààbò rẹ̀.

Òwú kò gba agbára. Bí ó bá fún jù, omi kò ní gun un. Bí ó bá ṣe wọ̀ǹwọ̀, omi á máa jò sísàlẹ̀. Bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo lọ bá iná ni èyí náà ń fa omi lọ bá wáyà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú fìtílà a fẹ́ kí epo jó, níbí a kò fẹ́ kí ohunkóhun jó. Níwọ̀n ìgbà tí òwú bá ti tutù, omi ló ń gbé ooru lọ: glycerine inú rẹ̀ a máa hó ní dígírì 290, Kanthal A1 kò sì ní yọ́ títí dé 1500. Ṣùgbọ́n bí òwú bá gbẹ tí èèyàn ṣì ń tẹ iná, òwú ló máa kọ́kọ́ jó, ọ̀fun á sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kán omi kí a tó fà á, tí a kì í dúró dìgbà tó bá gbẹ. Èmi kì í mu sìgá, nítorí náà omi tí kò ní nikotíìnì ni mo fi dán an wò. Ìkùukùu náà jáde funfun, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, adùn ọsàn inú rẹ̀ sì hàn kedere.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kò ṣeé fojú kékeré wò. Àwọn bátìrì róbótó tí wọ́n ń pè ní 18650 (18 mm ni wọ́n fẹ̀, 65 mm ni wọ́n gùn) pọ̀ nínú laptop tó ti bàjẹ́, àwọn èèyàn wa sì ti mọ bí a ṣe ń yọ wọ́n. Wọ́n dára fún tọ́ọ̀ṣì. Wọn kò dára fún kọ́ìlì yìí, torí ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè fún wa ní amp mẹ́wàá láìgbóná kọjá ààlà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, vape bú gbàmù lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní St. Petersburg ní Florida, ó sì pa á. Mo sọ ọ́ fún ọmọ wọ́ọ̀fù náà kó tó gba ẹrù rẹ̀: bátìrì tuntun tí amp rẹ̀ tó, tí awọ ara rẹ̀ kò ya, àti mítà kí ó tó tẹ iná, nígbà gbogbo tó bá wé tuntun. Nikotíìnì náà kì í jẹ́ kí èèyàn lọ. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2015 kò gbà kí a ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọjọ́ orí yẹn náà ni mo fi ṣe ààlà fún kọ́ìlì vape ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ ilé ìwé tó bá gbé e wá á gbé e padà.

Nínú fáànù, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò lè rí ooru. Ó máa ń gbà pé òun wé e dáadáa títí tí yóò fi jó. Kanthal ń fi han ojú: yípo tó wọ́ máa pọ́n ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí àwáwí kankan. Nítorí náà, kí ọmọ tuntun tó fọwọ́ kan bàbà olówó iyebíye ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, àjẹkù Kanthal ni mo ń kọ́kọ́ fún un. Gauge 26 ni mo fẹ́ràn fún ọwọ́ tuntun. 24 nípọn jù, ó máa ń fẹ́ nà padà ju bí ọwọ́ wọn ṣe lè mú un lọ, 28 sì máa ń tètè já lábẹ́ sukúrù. Kí wọ́n wé e, kí wọ́n tẹ iná sí i, kí wọ́n fún un pọ̀, títí pípọ́n á fi máa bẹ̀rẹ̀ láti àárín.